Ibi Tó Ń Dun Màmá Gan-an

Edmonton, Alberta
Ọjọ́ 19, oṣù Ṣẹ́rẹ́, 1986

Màmá mi,

Ẹ kú ìrora o, ẹ sì kú ewu yìnyín. Mo kí Àǹkù Ambrose, mo kí ajá wọn, mo kí gbogbo Gull Arm pátá.

Gerald àbúrò mi ló pè mí lórí fóònù. Ó ní ẹ yọ̀ ṣubú níbi tí ẹ ti ń lọ kó igi ìdáná lẹ́yìn Kérésìmesì, pé egungun itan yín ṣẹ́ níbi tó ti wọ inú ìgbáròkó, ọrùn-ọwọ́ ọ̀tún náà sì ṣẹ́ tẹ̀ lé e. Ó ní wọ́n ti fi irin kan egungun náà pọ̀ ní ọsibítù, ẹ sì ti padà sílé. Ṣé bó ṣe yẹ kí n gbọ́ nìyẹn, Màmá? Ẹ ti kúrò ní ọsibítù kí n tó mọ̀ pé ẹ wọ ibẹ̀. Nígbà tí ológbò Ìyáàfin Kielly aládùúgbò yín kú, kíá ni lẹ́tà dé ọ̀dọ̀ mi.

Gerald tún sọ ohun kan tí n kò fẹ́ràn. Ó ní bí yìnyín bá ti kúrò lójú omi, nọ́ọ̀sì ìjọba máa wá wò yín. Bí ẹ kò bá lè dìde lórí àga láìfọwọ́ ti nǹkan, kí ẹ sì gun àtẹ̀gùn ilé yín dókè, òun máa mú yín lọ sí ilé àwọn arúgbó tó wà nítòsí ilé òun ní St. John's. Ó ní ibẹ̀ mọ́ tónítóní, wọ́n sì ń fún wọn ní púdíǹgì lójoojúmọ́.

Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ẹ mọ̀ pé mò ń fọ táwẹ́ẹ̀lì ní ilé eré ìdárayá kan níbí. Láti ìgbà tí ewé ti ń rẹ̀ ni mo ti ń lọ sí kíláàsì tí wọ́n fi ń kọ́ èèyàn láti di olùkọ́ eré ìdárayá. Ìyáàfin Oleksiuk ló ń kọ́ wa. Kò tíì jẹ́ ká fọwọ́ kan irin kankan tí wọ́n ń gbé níbẹ̀. Ó ní egungun la máa kọ́kọ́ mọ̀, lẹ́yìn náà iṣan, lẹ́yìn náà bí ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró ṣe ń bọ́ iṣan. Lọ́sẹ̀ tí Gerald pè mí gan-an, ìbàdí là ń kọ́.

Egungun yín á jinná. Iṣan ni mò ń bẹ̀rù fún. Iṣan tí èèyàn kò bá lò, ara a máa tú u padà, bí ìgbà tí ẹ bá ń tú ṣúẹ́tà àtijọ́ kí ẹ lè fi òwú rẹ̀ hun nǹkan mìíràn. Èyí tó tóbi jù lọ lára èèyàn wà ní ìdí. Òun ló ń gbé wa dìde lórí àga, òun ló ń gbé wa gun àtẹ̀gùn. Àwọn tó kéré sí i wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbàdí, àwọn ni kì í jẹ́ ká dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹsẹ̀ kan bá wà lókè.

Nítorí náà, ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí ìjókòó gígùn tó wà ní kíṣìnì. Ẹ ká orúnkún méjèèjì sókè, kí àtẹ́lẹsẹ̀ dúró dáadáa. Ẹ fún ìdí yín pọ̀, kí ẹ fi gbé ìbàdí sókè díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì máa mí síta bí ẹ ṣe ń gbé e. Ẹ má ṣe sé èémí o. Ẹni tó bá sé èémí níbi tó ti ń fipá gbé nǹkan, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á ru. Ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ dókítà. Tí ẹ bá ti ṣe é, ẹ kọ̀wé ibi tí ẹ ti mọ̀ ọ́n lára sí mi, kí n lè mọ̀ bóyá iṣan tó yẹ ló ń ṣiṣẹ́.

Èmi ọmọ yín tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀,
Loretta

Gull Arm, Newfoundland
Ọjọ́ 4, oṣù Èrèlé, 1986

Loretta ọmọ mi,

Mo kí ọ. Wọ́n ní òtútù Edmonton le ju tiwa lọ. N kò gbà, ṣùgbọ́n mo kí ọ kú òtútù náà.

Àǹkù rẹ ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí, nítorí wọ́n fi símẹ́ńtì dè mí lọ́wọ́. Kò mọ bí a ṣe ń fi ọ̀rọ̀ dárà, fara dà á. (Èmi Ambrose rèé. Ohun tó bá sọ ni mò ń kọ. Èmi kọ́ ni mo ní kó sọ ọ́.)

N kò sọ fún ọ nítorí mo mọ̀ pé wàá sunkún, wàá sì wọ ọkọ̀ òfuurufú wá síbí láti wá máa wò mí lójú. Ní ti ológbò, Ìyáàfin Kielly ló kọ̀wé, èmi kọ́.

Nígbà tí o ń kúrò nílé, iṣẹ́ lo sọ pé o ń lọ wá. Ní báyìí o wà ní ilé-ìwé tí wọ́n ti ń kọ́ àgbàlagbà bí wọ́n ṣe ń dìde lórí àga. Gbogbo àwọn tó ń fi àwọ̀n pẹja ní Gull Arm yìí, kò sẹ́ni tó mọ orúkọ iṣan kan nínú wọn, ẹja sì ń wọlé. Mo kàn sọ ọ́ ni.

Dókítà ní kò burú. Mo dùbúlẹ̀, mo ṣe é. Ambrose jáde lọ wo ojú ọjọ́. Àràárọ̀ ni mò ń ṣe é, mo tún ń ṣe é kí n tó jẹun ìrọ̀lẹ́. Ambrose ti wá mọ ojú ọjọ́ dáadáa.

O ní kí n sọ ibi tí mo ti mọ̀ ọ́n lára. Èjìká ni.

Bá mi fi òwú ìhunṣọ aláwọ̀ ewé ránṣẹ́ de ìgbà tí wọ́n bá tú ọwọ́ mi. Èyí tí wọ́n ń tà níbí dà bí nǹkan tó ti kú.

Màmá rẹ,
Philomena Tobin
(Ambrose Tobin ló kọ ọ́.)

Edmonton
Ọjọ́ 16, oṣù Èrèlé, 1986

Màmá mi àtàtà,

Ẹ kú ìfaradà. Àǹkù Ambrose, ẹ kú iṣẹ́ akọ̀wé o. Òwú aláwọ̀ ewé ti wà lọ́nà, oríṣi méjì ni, kí ẹ má baà ní èyí tí ẹ fẹ́ kọ́ nìyẹn.

Inú mi dùn pé ẹ ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣàlàyé ọ̀rọ̀ èjìká yìí. Èjìká kò ní iṣẹ́ kankan níbẹ̀. Mo bi Ìyáàfin Oleksiuk. Ó lọ dúró níwájú egungun èèyàn tí wọ́n fi ike ṣe tó wà ní kíláàsì wa, ó wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní òun kò rí ọ̀nà tó gbà débẹ̀. Àbí ọrùn lẹ fi ń ti ara yín sókè? Ìdí ló yẹ kí ẹ ti mọ̀ ọ́n lára, Màmá. Ẹ tún un ṣe, kí ẹ sì sọ fún mi.

Ẹ fi èyí kún un. Ẹ jókòó lórí àga, kí ẹ fi ìrọ̀rí méjì sábẹ́ yín, nítorí bí àga bá ṣe lọ sílẹ̀ tó ni dídìde ṣe ń ṣòro tó. Ẹ fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀, ẹ tẹ àyà síwájú bí ẹni fẹ́ wo inú ìkòkò, kí ẹ wá dìde. Kí Àǹkù Ambrose dúró nítòsí. Tó bá yá, ẹ yọ ìrọ̀rí kan kúrò, tó bá tún yá, ẹ yọ ìkejì.

Ara lè ro yín lọ́jọ́ kejì, kó sì tún le sí i lọ́jọ́ kẹta. Ẹ má fòyà. Iṣan tó ṣe iṣẹ́ tí kò mọ́ ọn lára a máa ya wẹ́wẹ́ níbì kan níbì kan, ara á sì dí i padà nípọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìgbà tí ẹ bá ń sinmi ni ara ń ṣe iṣẹ́ yẹn, kì í ṣe ìgbà tí ẹ bá ń dìde, nítorí náà ẹ sinmi, ẹ jẹ ẹja, ẹ jẹ ẹyin. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ìrora tó ń gún yín nínú ibi tí irin wà, ẹ dáwọ́ dúró, kí ẹ pe dókítà.

Ọmọ yín,
Loretta

Gull Arm
Ọjọ́ 2, oṣù Ẹrẹ́nà, 1986

Loretta,

Mo rí òwú náà gbà. Ọ̀kan nínú rẹ̀ dára.

Gerald wá kí wa lọ́jọ́ Sátidé. Ó mú fọ́tò ilé àwọn arúgbó náà wá. Ó ní, “Màmá, ẹ wò ó, wọ́n ní ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn lọ sókè.”

Mo ní, “Kí ló wà lókè?”

Ó ní, “Yàrá yín.”

Mo ní, “Yàrá mi wà lókè níbí náà.”

Ó ní, “Màmá, ẹ ò lè débẹ̀. Kíṣìnì lẹ̀ ń sùn.”

Mo bá ní kó jẹ búrẹ́dì. Ó jẹ ẹ́. Kó tó lọ, ó jẹ́wọ́ pé òun ti fi orúkọ mi sílẹ̀ lọ́hùn-ún. Kò bi mí kó tó fi sílẹ̀.

Mò ń dìde lórí àga. Ìrọ̀rí ti ku ẹyọ kan. Ambrose dúró nítòsí bí o ṣe wí, ṣùgbọ́n ojú fèrèsé ló ń wò.

Ní ti èjìká tó o tún béèrè, mo ti sọ fún ọ. Èjìká ni, méjèèjì. Èyí tó wà lápá òsì tí mo fi ṣubú ló le jù. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ ti orí àga, n kò lè fi í jókòó dáadáa títí di ọjọ́ ìsinmi. (Mo bi í pé ṣé kí n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní kí n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ambrose.)

Màmá rẹ,
Philomena Tobin

Edmonton
Ọjọ́ 18, oṣù Ẹrẹ́nà, 1986

Màmá,

Ẹ kú ilé.

Mo ka lẹ́tà yín níwájú gbogbo kíláàsì nítorí Ìyáàfin Oleksiuk ti ń béèrè yín. Nígbà tí mo kà á dé ibi tí ẹ ti fi èjìká jókòó, wọ́n rẹ́rìn-ín títí ọ̀kan nínú wọn fi bọ́ sílẹ̀ lórí àga.

Ta ló ń fi èjìká jókòó? Bí ẹ kò bá fẹ́ ṣe é, ẹ sọ fún mi. Ó hàn pé ẹ kò dùbúlẹ̀ rí, ẹ kò sì dìde lórí àga kankan. Ẹ̀yin àti Àǹkù Ambrose kàn jókòó ti sítóòfù, ẹ ń mu tíì, ẹ sì ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ilé-ìwé tí wọ́n ti ń kọ́ àgbàlagbà bí wọ́n ṣe ń dìde lórí àga: mo rántí. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ìdánwò mi. Dípò kí n máa kàwé, ìbàdí yín ni mò ń rò níbi tí mo ti ń ká táwẹ́ẹ̀lì.

Bí ẹ bá fẹ́ kí iṣan náà rọ dànù, ara yín ni. Bóyá ohun tí Gerald ń sọ náà dára. Bóyá ilé àwọn arúgbó ló yẹ ẹni tí kò lè sọ òtítọ́ nípa ara rẹ̀.

Loretta

Edmonton
Ọjọ́ 8, oṣù Igbe, 1986

Màmá mi,

Ẹ kú ọdún Àjíǹde tó kọjá. N kò rí lẹ́tà yín gbà. Mò ń lọ wo àpótí lẹ́tà kí n tó lọ síbi iṣẹ́, mo tún ń wò ó tí mo bá dé, bí ẹni pé wọ́n ń pín lẹ́tà lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́.

Mo pè lórí fóònù lọ́jọ́ Àìkú. Àǹkù Ambrose ló gbé e.

Mo ní, “Ẹ káàsán o, Àǹkù. Màmá ńkọ́?”

Wọ́n ní, “Ó wà.”

“Ṣé kí n bá wọn sọ̀rọ̀?”

“Ọwọ́ rẹ̀ dí.”

“Kí ni wọ́n ń ṣe?”

Wọ́n ní, “Ó ń bínú.” Wọ́n wá gbé fóònù kalẹ̀.

Mo ṣe ìdánwò náà. Ní apá àfọwọ́ṣe, wọ́n mú ọkùnrin kan dúró síwájú mi pé kí n máa fọwọ́ lé iṣan lára rẹ̀, kí n máa dárúkọ wọn. Nígbà tí mo dé ìbàdí, ẹ̀yin ni mo rántí, mo dárúkọ iṣan kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Èsì kò tíì jáde.

Kò yẹ kí n kọ gbólóhùn tí mo fi parí lẹ́tà yẹn. Ẹ dá mi lóhùn, Màmá. Ì báà jẹ́ èébú lẹ fẹ́ kọ, ẹ kọ ọ́.

Loretta

Gull Arm
Ọjọ́ 15, oṣù Igbe, 1986

Loretta,

Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ èyí. Ọjọ́ Mọ́ńdè ni wọ́n tú símẹ́ńtì náà. Bí ìwé yìí bá rí wọ́gọwọ̀gọ, ọrùn-ọwọ́ ni, kì í ṣe orí.

Ìdí ni. Ṣé o gbọ́? Ìdí ni ó ń dùn mí. Láti ìgbà àkọ́kọ́ ni.

Àbúrò bàbá rẹ ni Ambrose, ìyàwó rẹ̀ ti kú, ó sì ń jẹun lórí tábìlì mi. Bí mo bá ní kó mú iyọ̀ wá, ojú á tì í. Ṣé kí n wá jókòó níwájú rẹ̀ kí n máa ṣàpèjúwe ìdí mi fún un, kó máa kọ ọ́ sílẹ̀? Á bi mí bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́. Mo wá ibi tí kò ní dójú tì wá, mo ní èjìká. Mo rò pé ọmọ tí mo bí nínú ara mi á mọ ohun tí mò ń sọ. Mo tilẹ̀ fi kún un pé n kò lè fi í jókòó. Mo rò pé ìyẹn ti tó.

O wá ka ìdí mi níwájú gbogbo kíláàsì.

Ambrose ló ka lẹ́tà rẹ fún mi. Ó kà á dé ibi tó o ti dárúkọ ilé àwọn arúgbó, ó gbé e sílẹ̀. Ó ní òǹtẹ̀ ti bo ìyókù, kò ṣe é kà. Nígbà tó lọ bọ́ ajá rẹ̀, mo kà á fúnra mi. Kò sí òǹtẹ̀ kankan níbẹ̀. Nígbà tó dé, ó bá mi ká a, ó fi sẹ́yìn aago, kò sì dárúkọ rẹ̀ mọ́. Òun náà ló ní kí n jẹ́ kí òun dá ọ lóhùn, pé òun mọ ohun tí òun fẹ́ kọ. Mo ní rárá, pé n máa dúró de ọwọ́ mi.

Lọ́jọ́ tó o pè, orí àtẹ̀gùn ni mo wà. N kò tíì lè gùn ún tán, ibi tó ti ṣẹ́rí ni mò ń dé tí ẹsẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ìwọ lo ní kí n máa mí síta. N kò lè mí síta kí n sì tún bá ọ jà lórí fóònù.

Àga tí mò ń lò kò ní ìrọ̀rí mọ́. Yìnyín ti ń là lójú omi. Gerald ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nínú Èbìbí ni nọ́ọ̀sì ń bọ̀.

Mo ṣì ń bínú. Sọ ohun tí mo máa ṣe sí àtẹ̀gùn náà fún mi.

Màmá rẹ

Edmonton
Ọjọ́ 24, oṣù Igbe, 1986

Màmá mi, Màmá mi,

Mo kúnlẹ̀. Orí ilẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń fọ táwẹ́ẹ̀lì ni mo ti ka lẹ́tà yín, ibẹ̀ náà ni mo kúnlẹ̀ sí. Mo rẹ́rìn-ín, mo sunkún. Ọ̀gá mi béèrè bóyá ẹnì kan kú. Mo ní rárá, ìdí màmá mi ni. Kò béèrè nǹkan mìíràn.

Àtẹ̀gùn nìyí. Tí ẹ bá ń gùn ún, ẹsẹ̀ tó le ni kó ṣáájú, kí òun gbé yín, kí èyí tó ṣẹ́ wá bá a. Tí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, ẹsẹ̀ tó ṣẹ́ ni kó ṣáájú. Gbígbọ̀n tó ń gbọ̀n kì í ṣe pé ó fẹ́ tún ṣẹ́. Ó ti rẹ iṣan náà ni. Tó bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ jókòó sórí àtẹ̀gùn, kí ẹ jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ gbé atẹ́gùn tuntun wá fún un. Ẹni tó jókòó sinmi kò tíì jábọ́. Ẹ sì má ṣe ṣe iṣẹ́ kankan lọ́jọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí nọ́ọ̀sì bá ń bọ̀. Mo mọ̀ pé ẹ máa fẹ́ fọ ilẹ̀ nítorí àlejò. Ẹ má fọ̀ ọ́.

Mo yege. N kò gbapò kankan, ṣùgbọ́n mo yege. Wọ́n ti fún mi ní oníbàárà àkọ́kọ́, Ọ̀gbẹ́ni Prokop tó fẹ̀yìn tì níbi iṣẹ́ rélùwéè. Ó ní inú ń run òun tí òun bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Tẹ́lẹ̀, ǹ bá ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ikùn rẹ̀. Mo ní, “Ẹ má dárúkọ ibẹ̀ fún mi, sà. Ẹ fọwọ́ lé e.” Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wá fọwọ́ lé abẹ́ itan. Ìyáàfin Oleksiuk béèrè ibi tí mo ti kọ́ ìyẹn. Mo ní Gull Arm.

Ọmọ yín,
Loretta

Gull Arm
Ọjọ́ 13, oṣù Èbìbí, 1986

Loretta ọmọ mi,

Mo kí ọ kú oríire ìdánwò. Ipò kò jẹ́ nǹkan kan.

Wọ́n wá lọ́jọ́ Túsìdeè. N kò fọ ilẹ̀. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n n kò fọ̀ ọ́. Nọ́ọ̀sì náà, Hynes ni orúkọ rẹ̀, kéré sí ọ lọ́jọ́ orí. Gerald gbé àpótí aṣọ tuntun wá. Ó fi í sílẹ̀ sínú ọkọ̀, ó rò pé n kò rí i.

Nọ́ọ̀sì ní kí n jókòó kí n dìde. Mo dìde. Ó ní kí n tún un ṣe, mo tún un ṣe títí ó fi ní ó tó. Lẹ́yìn náà a kọjú sí àtẹ̀gùn, òun lẹ́yìn mi, Gerald lẹ́yìn rẹ̀. Mo dé ibi tó ti ṣẹ́rí, ẹsẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ ìgbọ̀n rẹ̀. Mo jókòó bí o ṣe wí.

Gerald ní, “Nọ́ọ̀sì, ṣé ẹ ti rí i báyìí? Ẹ jẹ́ ká má fìyà jẹ wọ́n mọ́.”

Mo ní, “Gerald, dákẹ́, ẹ̀jẹ̀ mi ń gbé atẹ́gùn wá.”

Nọ́ọ̀sì wò mí. Nígbà tí ẹsẹ̀ dákẹ́, mo fà á sẹ́yìn, mo tẹ̀ síwájú, mo dìde lórí àtẹ̀gùn níbẹ̀, n kò di nǹkan kan mú, mo sì gun ìyókù. Mo wọ yàrá mi. Eruku pọ̀ níbẹ̀ kọjá sísọ.

Nọ́ọ̀sì yíjú sí Gerald. Ó ní, “Ọ̀gbẹ́ni Tobin, ṣé ẹ rí bí àtẹ̀gùn yẹn ṣe lọ sílẹ̀ tó? Àwọn tí egungun wọn kò ṣẹ́ rí, mo mọ ọ̀pọ̀ nínú wọn tí kò lè dìde níbẹ̀. Màmá yín kò ní ohun tí wọ́n ń wá lọ sí ilé arúgbó.” Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó mu tíì, ó lọ.

Àbúrò rẹ jókòó sórí ibùsùn mi. Ó ní, “Màmá, nígbà tí mo wá ṣe Kérésìmesì níbí, èmi ni mo bá yín lórí yìnyín. Mo pè yín, ẹ ò dáhùn. Mo pè yín títí.” N kò mọ̀, Loretta. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé mo dákú lọ́jọ́ náà. Ó ní gbogbo ìgbà tí fóònù bá ń dún ní ọ́fíìsì òun ni àyà òun ń já. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó jáde, ó lọ ń kó igi ìdáná wọlé, ó kó o títí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kò fi ṣí mọ́. Ẹnu ọ̀nà iwájú ni à ń gbà báyìí.

Lánàá mo gun òkè tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, mo lọ sí sàréè bàbá rẹ. Ambrose tẹ̀ lé mi. Mo ní kó dúró sí ẹnu géètì, ó sì dúró. Mo sọ fún Leo pé mo ṣubú, pé wọ́n ti kan irin mọ́ mi lára, pé ẹ̀rù ba Gerald, pé ìwọ náà ti di olùkọ́. Mo ní láti ṣàlàyé èyí tó gbẹ̀yìn yẹn fún un dáadáa. Ọ̀rọ̀ ti pọ̀ nílẹ̀, nítorí n kò débẹ̀ láti ìgbà tí ìrì dídì àkọ́kọ́ ti bọ́. Kò sí àga níbẹ̀. Mo dúró títí mo fi sọ ọ́ tán.

Màmá rẹ,
Philomena